Páálí Tí Fadérera Fi Sílẹ̀

Páálí bisikíìtì ni, wọ́n fi téèpù dì í lẹ́nu,
abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti wọ bàálù lọ.
Níbi tí mo ti ń gbá eruku ni mo ti jókòó sílẹ̀,
ìgbálẹ̀ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìwé mọ́kànlá.
Ìwé àwọn tí irun abíyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù.
Èmi ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta,
agbẹ̀bí ní Yemẹtu,
tí ọmọ tí mo ti fọwọ́ gbà lè kún pápá Adamásìngbà,
kí ni mo fẹ́ fi ejò oníyẹ̀ẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu ṣe?

Oṣù Agẹmọ ni. Aṣọ kọ̀, kò gbẹ.
Àgbàrá ń já wálẹ̀ láti Òkè-Àrẹ̀mọ,
iná ọba lọ lọ́jọ́ kejì, kò wẹ̀yìn.
Mo ra bátìrì tuntun sí tọ́ọ̀ṣì,
mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn,
mo wọ ìlú kan tí wọn kì í fẹsẹ̀ wọ̀.

Abẹ́ omi ni ìlú ọ̀hún wà.
Ọmọbìnrin kan ń bẹ níbẹ̀,
tó bá ti bínú báyìí, gbogbo kànga á hó.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti bí irú rẹ̀ rí.
Lọ́jọ́ tí mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀,
omi ẹ̀bà tí mo gbé kaná,
títí dòní n kò mọ̀ bóyá sítóòfù ló hó o.

Ìyá Kọ́redé rí iná tọ́ọ̀ṣì lójú fèrèsé mi lóru,
ó rò pé ìṣọ́ òru ni mo ń ṣe.
Ó ní kí n má gbàgbé òun nínú àdúrà.
Mo ṣe àmín, mo ṣí ojú ewé.

Mátíróònù Adéṣíyan ká mi mọ́ ẹnu iṣẹ́,
mo fi ìwé há abẹ́ rẹ́jísítà, omi ń bọ́ lójú mi.
"Ta ló kú?"
Mo ní ẹṣin kan ni.
Ẹṣin tó máa ń sọ̀rọ̀.
Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń fi ṣeré.
Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó wá yá apá kìíní.

Nínú ìwé keje, ojú ewé igba ó lé méje,
Fadérera fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé:
Mọ́mì mi gẹ́lẹ́ nìyí.
Mo wo ẹni tó fàlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.
Ayaba burúkú ni.

Mo pa ìwé dé.
Mo lọ fọ ìkòkò tí kò dọ̀tí.

Mo padà, àbí kí ni n bá ṣe?
Ayaba náà, kó tó kú,
fọwọ́ ara rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ ibodè lóru
kí ọmọ náà lè ráyè kọjá,
kò sẹ́ni tó rí i.
Ọmọ mi kò fàlà sábẹ́ ìyẹn.
Mo wá pẹ́ńsù, mo fà á.
Ilẹ̀ mi ní Mọ́níyà tí mo tà,
n kò bá a pàdé nínú ìwé kankan.

Ìkọkànlá nìkan ni etí rẹ̀ ká,
ojú ewé mẹ́tàlélógóje.
Ibẹ̀ ló dé tí fíìsà fi jáde.
Èmi náà dúró síbẹ̀.
Aago mẹ́ta òru ni, mo pè é.
Lọ́hùn-ún, oòrùn alẹ́ ò tíì wọ̀.

"Mọ́mì, ṣé kò sí o?"
"Kò sí. Mo ti ka dé ibi tí o ká létí."
Kẹ́kẹ́ pa. Mo gbọ́ tó fa imú.
"Ẹ má sọ bó ṣe parí o."
"N kò tíì mọ̀ ọ́n."
"Ẹ wá kà á sókè."

Òjò ń lu páànù, mo ní láti pariwo.
Mo fi àgbọ̀n di tọ́ọ̀ṣì mú.
"Orí kẹrìndínlógún," mo ní.