Bánjókòó Nídìí Ìwé Orúkọ

Bánjókòó ni wọ́n sọ mí, mo sì jókòó.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lórí àga kan náà
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ,
ní yàrá tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun ní Yemẹtù.
Ojú fèrèsé mi, òrùlé tó ti pọ́n bí epo;
ẹ̀yìn mi, àpótí ìwé
tí ikán ti ń kà ṣáájú ìjọba.

"Kí lẹ sọ ọ́?" ni mo máa ń bi wọ́n.
N kì í béèrè ìdí.
Ìjọba ò fi àyè sílẹ̀ fún ìdí, ìlà kan péré ni,
kò gùn ju ìka méjì lọ.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò dárúkọ ọmọ rẹ̀
tí kò ní fi ìtàn tì í lẹ́yìn?

Bàbá kan gbé ọmọbìnrin dé láti Sábó: Làrábà.
Ọjọ́rú la bí i, ó parí.
Onídìrí ará Gánà láti Mọ́kọ́lá gbé Kofí dé, ọmọ ọjọ́ Ẹtì,
ó ní, nílé àwọn, ọjọ́ ló kọ́kọ́ ń sọ ọmọ lórúkọ,
bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn.
Mo rántí Abíọ́sẹ̀, mo rántí Abíọ́nà.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na fóònù sí mi: "Kéílà."
Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ẹnu mi ti yọ̀ kí n tó mọ̀.
"Ó dùn létí, sà."
Mo kọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Òjò Agẹmọ ló dá àwọn mẹ́ta dúró lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.
Ìyá Ìgbò kan, ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Onwubíkò.
Ìyá àgbà Haúsá kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Ajújì.
Ọmọge kan láti Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ ń jẹ́ Kúkọ̀yí.
Iṣẹ́ ò sí, iná ti lọ. Mo béèrè ìdí.

Onwubíkò: Ikú, jọ̀ọ́.
Ajújì: ààtàn. Wọ́n gbé e lọ sórí ààtàn, wọ́n tún un ṣà,
kí Ikú lè rò pé ìdọ̀tí ni.
Kúkọ̀yí: eléyìí, Ikú ti kọ̀ ọ́.
Ọ̀kan ń bẹ̀ ẹ́, ọ̀kan ń tàn án,
ọ̀kan purọ́ mọ́ ọn lójúkojú.
Mo túmọ̀ ti ẹnìkan fún ẹnìkejì
pẹ̀lú Haúsá mi tí kò jinná.
Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Ìyá àgbà fa ìbòrí rẹ̀ yọ,
ó fi bo ẹsẹ̀ Onwubíkò tó ti ń tutù.

Mẹ́ta ló ṣáájú mi lọ, gbogbo wa, ojú kan náà.
Etí òsì mi tí wọ́n gé ṣónṣó rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀.
Ìyá mi ní, bá mi jókòó.
Nígbà tó darúgbó ní Òkè-Bíọ́kù,
mo máa ń yà kí i ní ọjọ́ Àìkú, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lọ́wọ́.
Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Bánjókòó."
Mo rò pé ó ń pè mí ni.

Ìwé ìfẹ̀yìntì dé lóṣù tó kọjá.
Kọ̀ǹpútà ń bọ̀ wá gbapò mi, kò mọ àmì ohùn;
Òjó àti òjò, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.
Ọmọ tó gbé e wá béèrè orúkọ mi
kí ó fi dán an wò.
Mo pè é fún un, ó tẹ̀ ẹ́.
Kò béèrè ìdí.

Mo dìde.
Àga náà fì sí ibi ẹsẹ̀ tó kúrú,
bí ìgbà tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síbẹ̀.