Kọ́ọ̀bù Kejì

Ẹ má bi mí ní orúkọ ọkọ̀ ogun náà.
Bí bàbá wa àgbà ṣe ń pè é,
kò sí òyìnbó tó lè dá a mọ̀ mọ́;
ahọ́n Àkúrẹ́ ti rún un wómúwómú.
Ohun tí mo mọ̀ ni pé irin ni,
àwọ̀ eérú ni, ó gùn
láti ẹnu ọ̀nà wa ní Ìjọmu
dé ibi tí wọ́n ti ń wọn kòkó,
ìdí rẹ̀ sì tún kù lẹ́yìn.

Ògúnlùsì, ọmọ olóko,
ẹni tó rò pé Àlà ni omi tó tóbi jù láyé,
Àlà tí kì í muni dé orúnkún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ó bá lọ́rì lọ sí Èkó láti lọ ra páànù.
Páànù kò dé, òun náà kò dé.
Ọdún mẹ́rin.
Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ẹ̀wù rẹ̀.

Ìdí iná ìdáná ni wọ́n fi í sí, kì í ṣe ìdí ìbọn.
Ànàmọ́ òyìnbó ló ń bó, àpò lé àpò,
láti Sàró lọ sókè, láti òkè bọ̀ ní Sàró,
bí ọkọ̀ wọn ṣe ń da ọkọ̀ ẹlẹ́rù bí darandaran,
tí Jámánì wà lábẹ́ omi, tó ń ka ẹsẹ̀ wọn.
"O ò lè rí i," ni bàbá máa ń wí,
"etí lo fi ń retí ẹ̀."

Lóru, ọ̀gá ìdáná na nǹkan dúdú kan sí i, ó le bí ọṣẹ:
kó họ ọ́ sínú omi gbígbóná,
kó gbé e gòkè fún àwọn tó ń ṣọ́ òkun.
Ó bi í pé kí ni. Wọ́n ní kòkó.
Kòkó!
Kòkó tí bàbá ẹ̀ ń rù bọ̀ láti ọ̀nà Ìgbàtòrò,
tí wọ́n sá, tí wọ́n yí, tí wọ́n gbà lẹ́nu ewúrẹ́,
tí òṣùwọ̀n alágbàtà jẹ ìdajì ẹ̀;
kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò rí nílé wọn.
Ó fìka kàn án, ó lá a.
Ó ní òun kò mọ̀
bóyá adùn ló kọ́kọ́ dé ọ̀fun òun, àbí ìbínú.

Ọmọkùnrin kan wà lókè, Dẹ́nísì,
irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n ẹ̀.
Òun nìkan ló kọ́ bí a ṣe ń dúpẹ́ lédè wa,
àmọ́ kò lè gbé ohùn ibẹ̀:
"ẹ ṣé" di "ẹ̀ṣẹ́" lẹ́nu ẹ̀.
Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.

Òru ọjọ́ kan, ariwo kan ṣoṣo.
Ọkọ̀ mì, ó dúró, ó tún ń lọ.
Wọ́n ní kí kálukú wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé kòkó gòkè.
Ó bá ìbọn níbẹ̀.
Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ká bí ewé tó rí iná.
Ó dúró ti kọ́ọ̀bù méjì títí ojú kòkó fi dì.
Ohun tó padà fi èkejì ṣe,
kò sọ fún wa títí ó fi kú.

Nígbà tó dé, ìlú ní kó sọ ìtàn ogun.
Ó ní ànàmọ́ lòun bó.
Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n túká.
Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí kòkó tó dé orí ìwọ̀n,
á bu ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́,
á yan án, á gún un, á sè é,
kíkorò tí àwa ọmọdé ń fi í sá.
Kọ́ọ̀bù tánganran méjì ló máa ń bù.
Èkejì kì í ṣe ti àlejò.

Lánàá mo dáná, mo bu méjì,
n kò mọ ohun tó sún mi ṣe é.
Ọmọ mi, tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ tán,
gbé èkejì, ó mu ún, ó fajú ro.
Kí n tó pariwo, ó na kọ́ọ̀bù sí mi:
"Ẹ̀ṣẹ́," ló wí.