Ẹ̀yìn Ni Wọ́n Ń Jù Ú Sí

Ilẹ̀kùn táàsì ṣí, ẹsẹ̀ kan jáde, ó dúró díẹ̀
bí ẹni tó ń bẹ orúnkún rẹ̀ kó tó gbé e,
lẹ́yìn náà ni ara yòókù tẹ̀ lé e.
Àwọn ọmọ Àfàò pariwo: "Ẹ wá wo òkè Ọ̀ròlé tó wọ ṣòkòtò!"
Mo ní kí wọ́n kí àlejò. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

Sẹ̀mísì lorúkọ rẹ̀. Tóńgà ni wọ́n bí i sí,
erékùṣù tí mo wá lórí máàpù kíláàsì mi,
tí ìka mi bò mọ́lẹ̀ kí n tó rí i.
Etí rẹ̀ méjèèjì ká kò bí olú tí òjò pa jù.
Ọdún mẹ́sàn-án lòun àti ẹ̀gbọ́n mi Fápohùndà
fi èjìká ti èjìká níwájú ẹgbẹ́ rọ́gíbì kan náà,
ní ìlú olótùútù kan tí ẹnu ti ń yọ èéfín láìmu sìgá.

Ó jókòó ti ìyá wa, mo ń túmọ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tó kúrò nílé;
iṣu ni bàbá rẹ̀ tà kó tó ra bàtà oníṣòó fún un.
Ìyá mi gbórí sókè: "Wọ́n ń gbin uṣu níbẹ̀?"
Ó ní iṣu ni àwọn fi ń bọlá fún ọba àwọn.
Ìyá mi ní kí wọ́n gbé odó jáde.

Owó àkọ́kọ́, ó fi kan páànù ṣọ́ọ̀ṣì abúlé.
Owó ọdún kejì, ilé-ìwé àbúrò mẹ́rin.
Ọdún kẹta, orúnkún.
Ọdún karùn-ún, orúnkún yẹn kan náà.
"Àwọn asáré ni wọ́n ń yà ní fọ́tò," ó ní.
"Ògiri làwa. Ta ní ń pàtẹ́wọ́ fún ògiri?
Wọ́n á gbé ọ ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, wàá dìde lẹ́ẹ̀mẹfà,
bọ́ọ̀lù náà sì rèé, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń jù ú sí,
síbẹ̀ iwájú ni wọ́n ń lọ."
Ìyá mi ní, irú eré wo nìyẹn?
Mo ní, Màámi, bí iṣẹ́ tíṣà ni.

Fápohùndà ò dá sí i. Abẹ́ igi ìbẹ́pẹ ló wà,
ó ń wo ọkùnrin náà bí a ti ń wo ẹni tí a jẹ ní gbèsè
tí a kò rántí iye.
Dókítà tó wà ní Adó ní orí rẹ̀ ti forí gbárí jù.
Láàárọ̀ yóò pè mí lórúkọ.
Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò ní, "Ẹ kú alẹ́, mà."

Sẹ̀mísì yọ jẹ́sì kan nínú báàgì, nọ́ńbà mẹ́jọ.
Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa á lára. "Aṣọ yìí dára. Ta ló ni ín?"

Ọkùnrin ńlá náà yíjú sí òkè, ó pẹ́ kó tó yí i padà.
Ó dìde, orúnkún rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn àgbà,
ó já ìbẹ́pẹ kan tí kò tíì pọ́n,
ó pariwo ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́,
ó sì jù ú.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi gbà á kí ojú rẹ̀ tó rí i.
Ó tẹ̀ ba. Ó fi èjìká ṣíwájú,
ẹsẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta, adìyẹ ń fò kúrò lọ́nà,
Sẹ̀mísì ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń tiro, ó ń sunkún,
Fápohùndà kò sì wẹ̀yìn
tó fi ju ìbẹ́pẹ náà sẹ́yìn, sí mi.

N kò mọ nǹkan gbà. Ó fọ́ sórí ṣìmẹ́ǹtì,
oje rẹ̀ ta sí mi ní yẹ̀rì.
"Ìbíwùmí," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
"o ò tíì jáwọ́ nínú kó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn.
Ìyá mi ní kí n kó ìbẹ́pẹ náà nílẹ̀
kí ewúrẹ́ ilé kejì tó dé.