Omi Tútù fún Ìdágìrì

Ọjọ́ tó já okùn kẹ́yìn,
ìkòkò aró mẹ́ta ni Ìdágìrì fọ́ lẹ́yìnkùlé Ìyá Ṣókẹ́yẹ ní Ìtòkú,
ó sì padà wálé tòun ti ẹsẹ̀ aláró,
ó ń yán, bí ẹni tó lọ gbafẹ́ bọ̀.
Mo sanwó ìkòkò. Mo sanwó aró.
Abo ẹṣin kan tó gbọ́ òórùn rẹ̀ láti Sábó ló fa gbogbo rẹ̀.

Ọmọ ọdún méjì péré ni.
Oṣù kan náà ni ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ kú;
ìgò wàrà ni mo fi tọ́ ọ, lọ́wọ́ òru, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn.

Sánúsí ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá
kó tó ta ọmọ ọlọ́mọ nípàá."
Àwọn ẹbí ọkọ mi fárígá.
Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré,
èyí tí kò ní ẹ̀yìn ńkọ́?
Mo ní ó dáa, ẹ wá mú un lọ sílé yín.
Kò sẹ́ni tó tún fọhùn.

Dókítà ẹranko wá láti Alábàtà láàárọ̀ ọ̀yẹ́,
Mojírádé, obìnrin kúkúrú, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀.
Abẹ́rẹ́ kan wọ ọrùn,
orí tí kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni
ń wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
títí imú fi kan yẹ̀pẹ̀.
Ẹ̀gbẹ́ àpáta tí mo ń sá láfún sí ló dùbúlẹ̀ sí.
Mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo fi ìborùn bò ó lójú.
N kò wẹ̀yìn.
Mo kàn gbọ́ ìró irin, kẹ́,
bí ìgbà tí èèyàn bá pa èkùrọ́ kan.
Lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́.
Ohun tó ń da àdúgbò láàmú
kò tóbi ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ nínú abọ́ páànù.
Ajá Sánúsí ti jókòó tì í.

Dókítà kò rán an.
Ó ní kí ọgbẹ́ la ẹnu, kó lè tu ohun inú rẹ̀ jáde,
èyí tó bá tètè panu dé ló ń pa ẹṣin.
Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.
Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó dúró sójú kan, á wú.
Ẹ mú un rìn láàárọ̀, ẹ mú un rìn nírọ̀lẹ́,
omi tútù ni kẹ́ ẹ dà sí i, ẹ má fi àgbo kankan sí i.
Kó má sì rí abo fún oṣù kan ó lé,
torí ara rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé a ti gé nǹkan."

Ọjọ́ kẹta, abẹ́ rẹ̀ wú bí igbá.
Àyà mi já. Sánúsí ń kírun lọ́wọ́.
Mo mú okùn fúnra mi, èmi olórúnkún dídùn,
a jọ ń tiro gba ẹ̀yìn ilé àwọn Lápìtẹ́,
a gba àárín àpáta yọ sétí odò Sókorí.
Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Òrùlé páànù ìdípẹtà
tẹ́ lọ nísàlẹ̀ bí ewé tó wọ́.
Nígbà tí omi kàn án, ó gbẹ́sẹ̀ sókè,
ó fẹ́ ta mí,
ó rò ó,
ó gbé e sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, eṣinṣin ni mo ń lé.
Ẹṣin, eṣinṣin.
Ta ló sọ wọ́n lórúkọ tó sún mọ́ra tó báyìí?

Lánàá, abo Sábó yán.
Etí rẹ̀ kan nà, ó dúró díẹ̀,
ó sì padà sí pòpórò ọwọ́ mi.
Ó yẹ kínú mi dùn.

Aró ìjọsí ṣì wà ní pátákò rẹ̀,
ó ń sún wálẹ̀ bí pátákò ti ń hù.
Sánúsí ti pọ́n ọ̀bẹ, ó ní òun fẹ́ gé e dànù.
Mo ní kó ṣì fi í sílẹ̀ ná.