Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Màlúù

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù ni Cyril Ormerod kọ́kọ́ jẹ́.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ní tíátà kan ní Oldham,
ó tẹ̀ kọdọrọ sínú aṣọ onírun,
ó di bẹ́líìtì Horace Tunnicliffe mú bí afọ́jú ṣe ń di ọ̀pá mú,
Horace tó ń jẹ́ orí, tó ń jẹ́ ojú,
tó tún ń jẹ àlùbọ́sà lálaalẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò rí ẹnikẹ́ni.
Ẹ̀rín ló ń gbọ́, ẹ̀rín tó ń gba inú irun wọlé
bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé ẹlòmíràn.
Ó ní ibẹ̀ lòun ti mọ̀
pé òun fẹ́ dúró níbi tí òjò náà ti ń pa èèyàn.

Enid lorúkọ mi. Èmi ni mo ń rán aṣọ rẹ̀.
Mo mọ ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ ju ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Ó di aláwàdà, òun nìkan, òun àti maiki,
ní kílọ́ọ̀bù àwọn awakùsà, Wigan, Ashington, Barnsley,
níbi tí èéfín sìgá ti ga ju ọkùnrin lọ.
Pípa niṣẹ́ náà. Bí o kò bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín,
wọ́n á fi ìdákẹ́jẹ́ pa ọ́.
Ní Barnsley, ó dé àárín àwàdà kan
tó fi oṣù méjì tọ́ bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé,
ni akọ̀wé kílọ́ọ̀bù gba maiki lọ́wọ́ rẹ̀:
"Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ará. Páì ẹran ti dé."
Gbogbo ilé dìde.
Ó ku Cyril, ó ku àga, ó ku ìyá arúgbó kan tí kò fẹ́ràn páì.
Ó parí àwàdà náà fún un.
Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, ṣé ìyá rẹ ṣì wà láyé?"

Tẹlifíṣàn gbé e lẹ́ẹ̀kan. Bọ́ọ̀lù pẹ́ kó tó parí,
wọ́n gé e kù sí ìdajì ìṣẹ́jú.
Ìyá rẹ̀ ti ra tẹlifíṣàn tuntun.

Ó pé ogójì ọdún kí wọ́n tó wọ gáùn fún un.
Nílẹ̀ wa, bí Kérésìmesì bá ti ń kanlẹ̀kùn,
ọkùnrin onírùngbọ̀n ló ń ṣe ìyá ilé lórí ìtàgé.
Ẹ má bi mí. Bí a ṣe bá a nìyẹn.
Ìrọ̀rí méjì lọ́mú rẹ̀. Bàtà gogoro, nọ́ńbà mọ́kànlá,
èmi ni mo fi ọ̀dà ilẹ̀kùn kùn ún.
Àwọn ọmọdé á pariwo, "Ó wà lẹ́yìn ẹ!"
Á wo òsì. "Níbo?"
"Lẹ́yìn ẹ!"
Á wo ọ̀tún. "Mi ò rí nǹkan kan."
Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ọkùnrin kan ń díbọ́n pé òun kò rí ẹ̀yìn.

Ọdún tí Marjorie ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn ní Grimsby,
kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ìbàdí rẹ̀ ló sọ fún mi:
ó ti fi ìka mẹ́ta dín kí oṣù Kejìlá tó tán.
Mo gé, mo rán. Mi ò béèrè.

Skegness, lọ́dún tó kọjá, alẹ́ tó kẹ́yìn.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
"Ó wà lẹ́yìn ẹ!"
Kò wo òsì, kò wo ọ̀tún. Ó yí padà wàì.
Màlúù ni.
Ó rìn lọ bá a, orúnkún rẹ̀ ń dún,
ó gbé ìrù sókè, ó fa ṣíìpù,
ọmọ kan wà nínú ibẹ̀, Kieran, ojú rẹ̀ pọ́n bí tòmátì.
Cyril bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wíìgì rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
"Ọmọ, ṣé ò ń gbọ́ wọn níbẹ̀ yẹn?"
Ọmọ náà ní òun ń gbọ́.
"Ó dáa," ó ní, ó sì fẹ́ pa á dé jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn yàrá ọmọ tó sùn.

Ó já ṣíìpù náà. Pọ́n-ùn mẹ́rin.
Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.