Kí Ẹ Tó Rí Ojú Rẹ̀

Ìyá ọkọ mi, Fortunato ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì.
Bọ́ọ̀sì alẹ́ ni yóò wọ̀ gun òkè yín.
Yóò fi aṣọ bo imú,
yóò ní òtútù ló ń mú òun.
Irọ́ ni. Mo ní kí n tètè kọ̀wé,
kí ojú yín má baà sọ ohun tí ẹnu yín ò ní fẹ́ sọ.

Ẹ rántí ọdún tí yìnyín pa pòtétò oko méjèèjì.
Wọ́n ní ilẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀, létí títì ọlọ́dà tuntun,
ẹni tó bá ṣán an ló ni ín.
Ẹ di bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa yẹn fún wa.
A ò tíì bò ó rí, ooru ibí ò gbà.

Ayùn ẹlẹ́ńjìnì la fi bẹ̀rẹ̀.
Igi tó ga ju ilé-ìjọsìn yín lọ,
ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ó ti wólẹ̀;
Yober ló ń fi aago kà á, tó ń pàtẹ́wọ́.
Nídìí igi náà, ewé jíjẹrà nípọn bíi tìmùtìmù,
ihò eku, ihò ẹranko kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bíi páànù.
Ibẹ̀ ni kantíkantí ń gbé.
Kò tó ààbọ̀ hóró ìrẹsì.
Kì í kùn sétí ẹni bí ẹ̀fọn,
kì í fò jìnnà, ó kàn ń ta pọ́ún pọ́ún,
ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì nà sókè
bí ọwọ́ ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

Nígbà tí igi tán, ó wá sílé adìẹ mi.
Láti ilé adìẹ, ó wá sọ́dọ̀ ajá.
Láti ọ̀dọ̀ ajá, ẹ mọ ẹni tó kù.

Egbò kan ló yọ lápá ọmọ yín,
róbótó, etí rẹ̀ ga bí etí àwo.
Kò dùn ún. Ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn.
Ó da epo pẹtiróòlù sí i, ó fi omi bátìrì jó o,
ó jinná, ó fi àpá sílẹ̀ bí ẹyọ owó,
a sì pa adìẹ kan jẹ.
Àṣé àrùn ò lọ.
Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi yọ́ rìn nínú ara,
kó tó dé imú.

Nọ́ọ̀sì Zoraida ní ogún ọjọ́ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀.
Lọ́jọ́ kejìlá, oògùn tán;
ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ rì sẹ́rẹ̀.
A tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.
Oríkèé ń ro ó bíi ti arúgbó,
omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní eruku ni.

Yober ní olùkọ́ àwọn sọ pé
abo nìkan ló ń jẹni,
ìtorí ẹyin rẹ̀ ló ṣe ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri.
Mo dákẹ́. Kí lèmi náà wá ṣe níbí?

Igi kan ṣoṣo ló kù láàárín oko,
ìjọba ní a ò gbọdọ̀ gé e, nítorí èso rẹ̀.
Kò so mọ́.
Oyin tó ń bá a ṣe ti bá igbó lọ.

Tó bá dé, ohùn rẹ̀ yóò dún bí ti ẹni
tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Òun náà ni.
Ẹ fọwọ́ kan ojú rẹ̀ níbi tí ẹ máa ń fi kàn án.
Bùláńkẹ́ẹ̀tì yín wà nínú ẹrù rẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́.

Yober ń kí yín.
Nǹkan kan wú sí i létí láti ọjọ́ Àìkú,
kékeré ni, ó ní kò dun òun.
Zoraida ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ò tíì dé.