Àkọ̀ Ọ̀bẹ Bàbá Mi

Páìpù omi tí púlọ́ńbà fi sílẹ̀ nílé wa n'Íjọ̀kà,
kò gùn ju apá mi lọ.
Mo là á lóòró, mo nà án sórí sítóòfù,
ó rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí iná rá.
Mo tẹ́ ọ̀bẹ sáàárín rẹ̀, mo fi pákó méjì há a,
mo jókòó lé e títí ó fi tutù.
Ìyàwó mi ní ṣé mò ń sàba ni.

Ó mú àwòrán ọ̀bẹ. Èjìká irin hàn lára rẹ̀
bí orúnkún ọmọdé ṣe ń hàn lábẹ́ aṣọ ìbora.
Ó wá ku ohun tí yóò dè é pọ̀.
Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Nítorí lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí ọ̀kadà, lójú ọ̀nà Ọ̀dà,
ọ̀bẹ tí Akínṣọwọ́n fi bébà sìmẹ́ńtì wé
yọ ẹnu nínú àpò, ó bù ú jẹ nítan.
Ojú abẹ́rẹ́ méje.
Ó ní kò dun òun. Kò jẹ́ ká wo ojú òun.

Wọ́n ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.
Ti bàbá mi kò tilẹ̀ nílé tí yóò wó.

Mo ro ìṣó: ìṣó á là á.
Mo ro gúlúù: gúlúù a máa fẹ́ni lálẹ́,
bí oòrùn bá yọ, a gbàgbé ẹni.
Wáyà ń họni lọ́wọ́.
Mo gbé e tọ Fádáhùnsi, oníbàtà Arákálẹ̀.
Ó da ojú bàtà sílẹ̀ látinú agolo mílíìkì,
ó lu ọ̀kan mọ́ ègé páìpù tó ṣẹ́kù: kò! kò!
Ó jókòó bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ló wà.
Mo ní, bí mo bá fẹ́ tú u ńkọ́?
Ó wò mí. "Ta ní í tú ohun tó dára?"

Mo ra mẹ́rin.
Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi rìn dé ọjà Nẹ́pà.
Torí mo mọ ọ̀bẹ yìí.
Nígbà tí mo wà ní pírámárì, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta,
ó ń la kókó, ó ń san owó ilé-ìwé mi.
Òkúta ìpọ́nbẹ ti ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún,
ó ku ìka kan àti ààbọ̀.
Ohun tó bá ń mú, rírù ló ń rù.
Àkọ̀ tó bá a mu lónìí,
ní ọdún mẹ́ta, agbádá ni.

Ìyá Dúróoríkẹ́ ń ta bóòtù. "Ńlá àbí kékeré?"
Kékeré, mo ní, tí orí rẹ̀ kò ní gún un níbàdí.
Ó fi mágnẹ́ẹ̀tì wá inú àwo, èyí tí kò dìde
ló mú fún mi: "Ìyẹn kì í tètè dógùn-ún.
Gé rọ́bà kẹ̀kẹ́, fi há àárín,
wàá máa fún un bí ọ̀bẹ bá ṣe ń joro."

Ojú bàtà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ohun tí kò ní yí padà.
Bóòtù kan lẹ́nu.

Ní Ọ̀dà, bàbá mi dorí rẹ̀ kodò, ó gbọ̀n ọ́n.
Ọ̀bẹ ò jábọ́. Ó fà á: tàá!
Ó wá wo ìdí rẹ̀.
"Omi òjò ńkọ́? Omi kókó? Níbo ni yóò gbà jáde?"
N ò ronú kàn án.
Ó fi ìṣó sínú iná, ó dá ihò náà lu fúnra rẹ̀.

Ó so ó mọ́ bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì náà ní ihò tuntun,
ìkejì lọ́dún yìí.
Mo fún bóòtù náà ní ìlàjì yíyí. N ò sọ nǹkan kan.
Mo ní kó gba súkúdíráfà náà.
Ó ní kí n máa mú un lọ,
pé èmi ni kí n máa wá fún un mọ́ra.